Bí a Ṣe Ń Yan Iná fún Táǹkì Iyùn Òkun, àti Bí a Ṣe Ń Wá Ìdí Ìṣòro Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń tọ́jú iyùn òkun, ẹranko inú òkun tí à ń pè ní coral, nínú táǹkì gíláàsì nílé ní láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹwà nìkan ni a tan iná sí i fún. Inú ara ọ̀pọ̀ iyùn ni àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí à ń pè ní zooxanthellae ń gbé. Àwọn ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, tí iyùn sì ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ara iyùn kò bá le, iná wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sáré ra iná tuntun nígbà tí èyí tí wọ́n ní kò ṣẹ̀ rárá. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ni iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ojú ibi tí iyùn náà wà.

Wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí kò lè sọ èyí fún wa, nítorí iye iná mànàmáná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ni ó ń sọ, kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde, áḿbọ̀sìbọ́sí èyí tí ó la omi kọjá. Mítà lux, ohun tí a fi ń wọn bí ibi kan ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú wa, náà kò ṣe é gbára lé, torí pé bí ojú ènìyàn ṣe ń ríran ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, ojú wa kò sì ka àwọ̀ búlúù sí tó bí iyùn ṣe kà á sí. Òṣùwọ̀n tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni PAR (photosynthetically active radiation, ìmọ́lẹ̀ tí a lè fi pèsè oúnjẹ), èyí tí ó ń ka ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín 400 sí 700 nánómítà. Àwọn iyùn rírọ̀ àti olú òkun bí Discosoma máa ń ṣe dáadáa níbi tí PAR bá wà láàárín 50 sí 100. Àwọn olókùúta tí ẹnu wọn tóbi, bí Euphyllia, ń fẹ́ nǹkan bí 75 sí 150. Acropora àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olókùúta tí ẹnu wọn kéré, sì sábà máa ń fẹ́ 200 sí 350. Bí agbára wa kò bá ká mítà PAR, kí a yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in, kí a sì gbé e sí ojú ibi tí a fẹ́ fi iyùn sí gan-an nígbà tí omi ń rú bí ó ti máa ń rú lójoojúmọ́.

Iye wákàtí náà ní ipa tirẹ̀. PAR 200 fún wákàtí 10 àti PAR 250 fún wákàtí 8 kó iye ìmọ́lẹ̀ kan náà jọ lóòjọ́, nítorí náà ẹni tí iná rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ lè fi àkókò díẹ̀ kún un. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọjá wákàtí 12.

Ní ti irú iná tí a ó rà, metal halide, irú gílóòbù alágbára kan, ń tàn gan-an, ó sì ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa jó lórí yanrìn ìsàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè mú omi gbóná. T5, iná ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ (fluorescent), ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri lọ́gbọọgba, kì í sì í jẹ́ kí òjìji pọ̀, àmọ́ a ní láti máa pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ láàárín oṣù 9 sí 12, kódà bí ó bá ṣì ń tàn, nítorí agbára àti àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú wa mọ̀. LED ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà, torí pé a lè dín in kù, a lè fi kún un, a sì lè yan àwọ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé abẹ́ ẹ̀ka iyùn lè ṣókùnkùn bí ó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Nínú táǹkì gígùn, iná kéékèèké méjì sàn ju ńlá kan lọ. Àwọ̀ búlúù ni kí ó pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé òun ni ó ń wọ inú òkun jìnnà jù, nígbà tí omi ti ń gba àwọ̀ pupa mọ́ra láti òkè.

Bí ìṣòro bá wá dé, kí a fara balẹ̀ wo bí iyùn ṣe rí. Bí ojú tí ó kọjú sí iná nìkan bá funfun, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣì ní àwọ̀, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ni ó funfun, títí kan èyí tí ó wà níbi òjìji, kí a kọ́kọ́ wọn bí omi ṣe gbóná tó àti iyọ̀ inú rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan iná. Iyùn tí ó ń na ọrùn sókè tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ń wá ìmọ́lẹ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ di búráùn lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó o, ó sì lè jẹ́ pé náítíréètì àti fósífétì ni ó pọ̀ jù nínú omi. Kí a yẹ omi wò kí a má baà fi iná ńlá jó o lásán.

Nígbà mìíràn ẹ̀rọ ni ó ní àrùn. Iyọ̀ tí ó gbẹ mọ́ ojú iná ń dí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kí a pa á, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tí kò níyọ̀ nù ún. Bí fáànù bá kú, ọ̀pọ̀ LED yóò dín ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, aago inú rẹ̀ lè ti ṣìnà, kí iná máa wá tàn lóru. Ó tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: omi tí ó pọ́n díẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, nítorí náà bí a bá fi èédú tuntun sí àsẹ́ tí omi sì mọ́ lójijì, PAR yóò lọ sókè, iyùn sì lè funfun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iná.

Kí gbogbo wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tí ó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ láìdé ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí a tó yí òmíràn, nítorí bí a bá sún iyùn, tí a dín wákàtí kù, tí a sì gbé iná sókè lọ́jọ́ kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Iná tuntun náà kò yẹ kí ó dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kí a wọn PAR lábẹ́ iná àtijọ́, kí a fi ti tuntun sí ìwọ̀n kan náà tàbí kí ó kéré díẹ̀ sí i, kí a wá máa fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí iyùn bá ń pa ara rẹ̀ dé láàárín ìgbà náà, kí a padà sí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí a sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi ṣí.