Àṣìṣe tó ń dá ọmọ tó fẹ́ ṣe tíṣà dúró lójú ọ̀nà

Lọ́dọọdún, tí JAMB bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, ilé mi ní Oǹdó kì í ṣófo. Òbí á fa ọmọ lọ́wọ́ wá: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n á tètè gbà á sí? Ó ti wá iṣẹ́ dókítà tì lẹ́ẹ̀mejì. Kó kúkú lọ ṣe tíṣà.” Ọmọ náà á dorí kodò bí ẹni tí wọ́n dájọ́ fún. Ó máa ń dùn mí wọra. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ìjákulẹ̀ tì wọ iṣẹ́ olùkọ́ kì í fara balẹ̀ wo ọ̀nà tó ń tọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ JAMB fúnra rẹ̀. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọmọ máa ṣe nínú ìdánwò náà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì mu. Ọmọbìnrin kan fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Biology, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá a tẹ fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Àkúrẹ́ fi Government dípò Chemistry. Máàkì rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á. Odidi ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kọ́ọ̀sì yín ń béèrè wò lórí ìkànnì JAMB kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ti gba NCE, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ń ṣe àṣìṣe mìíràn: á tún lọ jókòó ṣe JAMB, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Direct Entry, ìyẹn ìwọlé láìjókòó ṣe ìdánwò JAMB, ló yẹ kó gbà. Tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó fi gba NCE bá bá kọ́ọ̀sì mu, ọdún kejì ló máa ń wọlé sí.

TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé, ló wá ń ká mi lára jù. Nínú ètò NCE, odidi sẹ̀mẹ́sítà kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ máa kọ́ni nílé ìwé, ọ̀pọ̀ sì sọ ọ́ di àkókò ìsinmi. Wọ́n á wá ilé ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ẹbí, wọ́n á da lẹ́sìn nóòtù ẹni tó ṣáájú wọn kọ, wọ́n á sì máa retí ọjọ́ tí olùdarí máa wá wò wọ́n. Ní ilé ìwé wa, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọ̀dọ́kùnrin kan. Pátákó ló kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé, “Kí lorúkọ ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn?” Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ orúkọ gbogbo wọn. Nígbà tó ń dárúkọ ọmọ kí ó tó bi í ní ìbéèrè, ariwo náà rọlẹ̀. Kò sí ìwé tó máa kọ́ ọ ní èyí bí o kò bá wà níbẹ̀.

Dìgírì nìkan kọ́ ló sì ń sọni di olùkọ́ lójú òfin. Òfin ọdún 1993 ló gbé TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kalẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó gba dìgírì físíìsì tàbí ẹ̀rọ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ rí, PGDE, ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì, ló kọ́kọ́ máa lọ ṣe. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjọba bá kéde ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó máa sáré.

Tí wọ́n bá kéde, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ èèyàn nínú SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, tàbí TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ ilé ìwé girama.

Ní tèmi, mo ti kọ́ni fún ọdún mẹ́ta nílé ìwé aládàáni kan láìgba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè ẹ̀rí ìrírí lọ́wọ́ mi, kò sí nǹkan kan tí mo lè fi hàn. Ẹ gba lẹ́tà tó kọ owó oṣù yín sínú rẹ̀ kí ẹ tó dúró níwájú kíláàsì, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá yín.