Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lórí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan

Owó tí mo san láti yí ọjọ́ ìrìnàjò mi padà lẹ́ẹ̀mejì ṣì ń dùn mí. Ọmọ mi bímọ, mo fẹ́ lọ wo ọmọ ọwọ́, ibi tí wọ́n ń gbé kì í sì í jẹ́ kéèyàn wọlé láìsí yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Ọmọ ọdún 63 ni mí, n kò sì gba abẹ́rẹ́ yìí rí. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú gan-an ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn ti rọ̀ ọ́ lágbára ni. Nínú 100,000 èèyàn tó ti lé ní ọdún 60, ó lè ya wọ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹnì kan tàbí méjì. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbà á o!" Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ gbà á, kí n sinmi ariwo. Kò sí èyí tó bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò.

Nọ́ọ̀sì náà ò bi mí. Ó ti kọ orúkọ mi sórí káàdì, ó ti po oògùn, ó ń fi òwú nu apá mi lọ́wọ́ ni mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, prednisolone tí mò ń lò fún orúnkún mi ńkọ́?" Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Àfi kí n rí dókítà. Dókítà ò sí. Lọ́jọ́ kejì, ó wà ní ìpàdé. Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó láti aago mẹ́jọ di aago kan, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Ìgbà tó gbọ́ pé 30 míligíráàmù lójúmọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mi orí. Oògùn yẹn máa ń dín agbára ara kù láti bá àrùn jà. Àfi kí n parí ẹ̀, kí n tún dúró oṣù kan. Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó ní òun lè kọ ìwé pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi láìgbà á. Mo rò ó. Ìwé á mú mi kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ka ìwé, ibà náà sì wà níbi tí mò ń lọ. Kò lóògùn tó ń pa á. Tó bá ti dórí kí ojú pọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, bí ìdajì wọn ni kì í yè é. Mo dúró, mo gbà á. Apá dùn mí fún ọjọ́ méjì, ó tán. Ẹnu ara mi ló gbà mí, ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀!

Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé káàdì náà ò ní ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé ọjọ́ 10. Ọjọ́ kẹfà ni mo fẹ́ wọ bàálù. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì.

Ká ní mo mọ̀ ni, oṣù méjì ṣáájú ni mi ò bá ti lọ, pẹ̀lú páálí gbogbo oògùn mi nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì yẹn tún ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún 10. Láti 2016 ni wọ́n ti fagi lé ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó títí ayé. Mi ò dá a lóhùn.