Ẹ Bi Ilẹ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Sanwó Rẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ilẹ̀ Ibùdó Ìdọ̀tí Olóró

Ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta, ó ti mọ fẹ́ǹsì yí i ká, ó ti gbé géètì sí i, ó wá fẹ́ kí n bá òun ṣe àyẹ̀wò ìṣáájú, ìyẹn wíwádìí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ sẹ́yìn, kí òun lè gbàwé àṣẹ láti máa tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, kí òun máa yọ òjé inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi ilẹ̀ náà ṣe kó tó rà á. Ó dákẹ́. Ó ní ẹbí tó ta á fún òun kò sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta irú rẹ̀ rèé lọ́dún yìí nìkan, inú mi ò sì dùn rárá. Mo ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àṣìṣe kan náà ni mo ṣì ń rí, owó gidi ló sì ń bá a lọ. Mo kúkú fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tí yóò fi ṣe ibùdó ìdọ̀tí olóró, bíi bátìrì tó ti kú tàbí ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù.

Àkọ́kọ́: ẹ ń ra ilẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò

Àyẹ̀wò ìṣáájú la pè é. Iwájú owó ló yẹ kó wà. Ọjọ́ tí ẹ bá ti sanwó tán, ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn ti di tiyín. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Love Canal, níbi tí wọ́n ti kọ́ iléèwé sórí ìdọ̀tí kẹ́míkà tí iléeṣẹ́ kan rì mọ́lẹ̀, wọ́n ṣòfin lọ́dún 1980 pé ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí lè sanwó ìtọ́jú ilẹ̀ tí ẹlòmíì bàjẹ́. Àtúnṣe tó tẹ̀lé òfin náà ló jẹ́ kí ẹni tó bá wádìí dáadáa kó tó rà á rí ọ̀nà àbáyọ. Ibẹ̀ ni irú àyẹ̀wò yìí ti fìdí múlẹ̀. Nílé wa níbí, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, bá bá òjé nínú kànga aládùúgbò yín, ta ni yóò gbà pé ẹ bá a níbẹ̀ ni?

Ẹ fún onílẹ̀ lówó ìdúró díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ilẹ̀ ò bá dáa, ẹ ó gba owó yín padà. Onílẹ̀ tó bá fi ìbínú kọ̀ láti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè kan fún yín nìyẹn.

Ìkejì: ẹ ń dà á pọ̀ mọ́ EIA

EIA (Environmental Impact Assessment) ń béèrè ohun tí iléeṣẹ́ yín máa fi ojú àyíká rí. Àyẹ̀wò ìṣáájú ń béèrè ohun tí ojú ilẹ̀ náà ti rí kí ẹ tó dé. Òfin EIA ti 1992 ka ibùdó ìdọ̀tí olóró mọ́ iṣẹ́ tí EIA pọn dandan fún, yálà ẹ fẹ́ máa sun ún ni, ẹ fẹ́ máa kó o pamọ́ ni, tàbí ẹ fẹ́ rì í mọ́lẹ̀. Méjèèjì lẹ máa ṣe. Ọ̀kan ò lè dúró fún èkejì.

Ìkẹta: ẹ ń sáré lọ sí láàbù kí ẹ tó bi ènìyàn léèrè

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àyẹ̀wò ìṣáájú kò ní ọ̀rọ̀ láàbù nínú. Ohun mẹ́rin ni: ẹ wo ìwé àti àwòrán àtijọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn ilẹ̀ náà, ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹ gbẹ́, àti ohun tó yẹ kí láàbù wá. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn nọ́ńbà. Tí wọ́n bá rí ìwé láàbù tó ní òǹtẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀.

Ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí, a lọ ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ máa tún ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ṣe níhà Ṣàgámù. Èmi gan-an ni mo gbé irin tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ dání. A gbẹ́ ojú ogún, kò sí èyí tó jìn ju ìdajì ẹsẹ̀ lọ. Láàbù ní ilẹ̀ náà mọ́. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi buwọ́ lù ú, iléeṣẹ́ náà san gbogbo owó ilẹ̀.

Oṣù kẹta ni a padà lọ wọn ibi tí wọ́n máa gbé táǹkì sí. Òùngbẹ gbẹ mí, mo yà sílé màmá kan tó ń yan gàrí lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tọrọ omi. Bí mo ṣe ń wo kànga tó wà nídìí ògiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má dé ìdí ìyẹn. Iwájú lọ́hùn-ún la ti ń pọn omi." Páànù ni wọ́n fi bo kànga náà, wọ́n gbé òkúta lé e. Ìfami rẹ̀ ṣì so mọ́ okùn, lára ògiri. Mo fà á sún mọ́ imú, ó ń rùn bí kẹrosíìnì. Ibi tí omi máa ń dé lára okùn náà ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn di gírísì mú.

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí wọ́n ti dí kòtò yẹn ni."

Kòtò wo? Àwọn tó ń ṣe títì ló wa ilẹ̀ pupa níbẹ̀ nígbà kan, wọ́n fi kòtò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni táǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóru. Nígbà tó yá, katakátá dé, ó fi ilẹ̀ pupa mìíràn bo gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n rù wá láti ibòmíì yẹn ni àwa ń gbé lọ sí láàbù. Màmá nawọ́ sí ibi tó wà. A gbẹ́ ibẹ̀, kò tíì tó mítà méjì tí ẹrẹ̀ dúdú fi ń tẹ̀lé irin jáde.

Iléeṣẹ́ náà ò bá ti má ná kọ́bọ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tí mo ṣí Google Earth, tí mo fa àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn lọ́dọọdún, kòtò náà wà níbẹ̀, ó pupa bí egbò láàárín igbó, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán náà. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ màmá. Ilé wọn ò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí a ti gbẹ́ ilẹ̀, a ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí kànga yẹn ò bá ti wà nínú ìwé wa látọjọ́ kìíní.

Ẹ tún wò ó: ohun olóró kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń sá pamọ́ sí. Òjé kì í rìn jìnnà, orí ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, àfi tí wọ́n bá da ilẹ̀ mìíràn bò ó. Pẹtiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì máa ń léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Irú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin wúwo ju omi lọ, ó máa ń rì lọ sísàlẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ ìtàn ilẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tí ẹ ń wá?

Bí ẹ bá sì fẹ́ bi ènìyàn, ẹ mọ̀ ọ́n bi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ tó tà á dúró tì yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé wọ́n da ìdọ̀tí olóró síbí rí?", torí wọ́n á rò pé ọlọ́pàá ni yín. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ jókòó, ẹ béèrè pé kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibo ni omi ti ń wá, ibo ni ewúrẹ́ kì í jẹun. Ẹ bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀, ẹ bá mẹkáníìkì, ọlọ́dẹ òru, àti àwọn tó ń wa yanrìn. Ẹ rántí ìlú Kókó, níhà Delta, lọ́dún 1988: ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin kan ni wọ́n kó àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí, owó háyà oṣooṣù ni wọ́n ń san fún un. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìwé ilẹ̀ kankan. Ẹnu ará àdúgbò ló máa ń wà.

Ìgbà tí ẹ lọ

Inú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lọ wo ilẹ̀, torí mọ́tò rí ọ̀nà wọlé. Tí ẹ bá rí igi ògùrọ̀ tó hù lọ́wọ̀ọ̀wọ́, omi ló ni ibẹ̀, bó tilẹ̀ gbẹ lójú yín. Ẹ wọn ìjìnlẹ̀ omi kànga àdúgbò ní oṣù kẹta, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹwàá. Ní Èkó àti ẹ̀bá òkun, yanrìn ni ilẹ̀, omi ò jìn, ohun tó bá dà sílẹ̀ lórí tètè ń kàn án. Ní Ìbàdàn, àpáta ló wà nísàlẹ̀, omi ń gba ojú sísán rẹ̀, ẹ ò sì lè fojú lásán mọ ibi tó ń gbà.

Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Mo ka ìròyìn àyẹ̀wò kan tí wọ́n kọ nínú ọyẹ́, pé èéfín ibi tí wọ́n ti máa sun ìdọ̀tí yóò máa lọ sí gúúsù, sínú igbó. Òtítọ́ ni, ní oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti òkun ni atẹ́gùn wa ti ń fẹ́, ó ń lọ sí àríwá ìlà-oòrùn. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún.

Àwọn tó kù, kíá-kíá: tiransífọ́mà àtijọ́ lórí ilẹ̀ kì í ṣe irin àlòkù lásán, PCB, ìyẹn kẹ́míkà olóró kan, lè wà nínú ọ́ìlì rẹ̀. Òrùlé asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ní owó ìtọ́jú tirẹ̀. Ìròyìn àyẹ̀wò tó ti ju ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbára lé e. Ẹ má sì gba ìròyìn tí wọ́n dà kọ láti ibòmíì: mo ti rí ti ilẹ̀ kan ní Ọ̀tà tó ń sọ̀rọ̀ igi etí ọ̀sà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ bátìrì, bíi ti ọkùnrin tó pè mí yẹn, ohun kan ṣì kù. Ẹ wo ilẹ̀ wò bóyá àwọn kan ti ń fọwọ́ tú bátìrì níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ máa rí àfọ́kù èèpo rẹ̀, rọ́bà dúdú líle, pẹ̀lú èérún eérú tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọ méjìdínlógún ló kú láàárín oṣù díẹ̀ ní 2007 sí 2008 nítorí òjé tó wà nínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì. Tí ẹ bá rí àfọ́kù yẹn, ẹ dúró, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi ilẹ̀ náà po sìmẹ́ńtì, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ jẹun níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo ń lọ wo ilẹ̀ ọkùnrin náà. Mo ní kó dá àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ dúró ná, kó sì wádìí fún mi ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò yẹn, kí n tó dé.