Àwo Kọ́ Ló Bàjẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Gbé Fídíò Kásẹ́ẹ̀tì Sórí DVD

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń da owó nù. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú ayé ọjọ́un ṣì kún yàrá àwọn èèyàn láti Ọ̀wọ̀ dé Oǹdó, iṣẹ́ ò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwo àkọ́kọ́ bá ti jáde tí ohùn ò bá ẹnu mu, Ọjà Ọba ni wọ́n máa sáré lọ. Wọ́n á ra páálí DVD mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó ń kọ fídíò sórí àwo, wọ́n á tún ra capture card tuntun lé e, ìyẹn káàdì tó ń gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ fídíò sínú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀, inú fáìlì ni àrùn náà ti wà kí àwo tó wọ ẹ̀rọ rárá. Ẹ wo fáìlì tí ẹ gbà sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó náwó kankan. Bó bá ti dàrú níbẹ̀, kò sí àwo tó máa tún un ṣe.

Mo gbà pé ẹ mọ wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ọ̀nù. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má ki kásẹ́ẹ̀tì tó ti bu bọ ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ìdérí iwájú rẹ̀, kí ẹ wo etí téèpù náà nínú ìmọ́lẹ̀. Bí nǹkan funfun lúbúlúbú bá wà níbẹ̀, ebu ni, ọ̀rinrin àdúgbò wa yìí ló ń fà á. Ó máa lẹ̀ mọ́ orí tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ fídíò, ibẹ̀ ló sì máa gbà ran kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn.

2. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà kì í ṣe irú tiwa. PAL ni ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí à ń lò ní Nàìjíríà: ìlà 576, fíréèmù (ẹyọ àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni tiwọn: ìlà 480, fíréèmù 29.97. Bí ẹ bá fi ètò PAL gba NTSC, àwọ̀ á kúrò lára àwòrán, tàbí kí àwòrán máa yí lójú yín. Káàdì yín ò kú. Ẹ yí ètò náà padà, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ fídíò yín lè ka NTSC. Obìnrin kan gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e fún ti sọ fún un pé ó ti parẹ́, ó sì ti gbowó àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà.

3. Ohùn tí kò bá ẹnu mu. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá kó sí i ni pé, "Lọ ra káàdì tó dáa." Oríṣi mẹ́ta ló wà, ohun tó sì ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ibi tí onígángan ti ń lùlù nínú fídíò náà, ẹ wo ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ, kí ẹ sì gbọ́ ìgbà tí ìró jáde. Ẹ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí. Bó bá jẹ́ ọdún Igogo ti Ọ̀wọ̀ ni, wọn kì í lùlù níbẹ̀, ẹ fi agogo wò ó.

Bí àlàfo náà ò bá yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan kékeré ni. Ẹ fa ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn nínú sọ́fítíwíà, ó parí.

Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i, aago méjì ni ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ ló ń ki wáyà àwòrán bọ capture card, tí wọ́n á wá ki ti ohùn bọ ihò máíkì láptọ́ọ̀pù. Káàdì ní aago tirẹ̀, láptọ́ọ̀pù ní tirẹ̀, wọn ò sì lè ka wákàtí méjì kó dọ́gba délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn àti àwòrán gba inú káàdì kan náà wọlé. 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn, ẹgbẹ̀rún 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni kí ẹ fi gba ohùn, torí òun ni DVD ń lò. Bí ẹ bá fi 44.1 gbà á, tí sọ́fítíwíà ò yí i dáadáa, tó kàn ń kà á bíi 48, ohùn wákàtí kan á tán ní bí ìṣẹ́jú 55, ohùn àlùfáà á sì tín-ín-rín.

Bó bá wá jẹ́ pé ó ń fò, tó dáa títí dé ìṣẹ́jú 20, tó ṣàdédé yẹ̀, tó tún yẹ̀ níwájú, fíréèmù ló ń jábọ́. Bí 25 bá jábọ́ nínú PAL, àwòrán ti fi ìṣẹ́jú àáyá kan kúrú ju ohùn lọ. Ìyàwó á ti panu dé kí "mo gbà" tó dún. VirtualDub, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba fídíò, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ó sì máa ń ka fíréèmù tó ń jábọ́ sójú yín bí ẹ ṣe ń gbà á lọ. Ẹ máa wò ó! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹjọ́ yìí wá, ó ti ra káàdì mẹ́ta. Mo ní kó gbà á lójú mi. Orí flash ni fáìlì rẹ̀ ń lọ, káàdì wà lára USB hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kan náà pẹ̀lú máúsì àti módẹ́ẹ̀mù, ó sì ń yẹ Facebook wò bó ṣe ń gbà á. Nọ́ńbà yẹn ń gòkè, àwa méjèèjì ń wò ó. A yọ hub, a ki káàdì bọ ara láptọ́ọ̀pù gan-an, a darí fáìlì sí hard disk inú, a pa íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà dúró sí òdo. Káàdì tó kọ́kọ́ rà la fi ṣe é. Owó méjì yòókù ti wọgbó.

Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń jábọ́ sí nígbà gbogbo, kásẹ́ẹ̀tì ló ti gbó níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní time base corrector ló ń to ìlà àwòrán kó tó dé káàdì. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ gba apá tó ṣáájú ibẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gba apá tó tẹ̀lé e lọ́tọ̀, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀. Àṣìṣe ò ní wọ́ dé ìparí.

4. Flash tó bá wà ní FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí rẹ̀, ò gba fáìlì tó ju 4 GB lọ. NTFS, ọ̀nà mìíràn, ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin tó ń fẹ àwòrán sí 1920 × 1080 kí ẹ tó ṣe DVD, kí lẹ ń wá? DVD PAL ò kọjá 720 × 576. Ẹ fi alẹ́ kan àti epo jẹnẹrétọ̀ fẹ̀ ẹ́, sọ́fítíwíà tún sọ ọ́ di kékeré padà.

Ẹ má deinterlace fún DVD, ìyẹn ni pé ẹ má pa ìdajì ìlà méjèèjì àwòrán pọ̀ di ọ̀kan. Àwòrán kásẹ́ẹ̀tì, ìdajì ìlà ló ń kọ́kọ́ wá, ìdajì kejì á tẹ̀lé e. DVD mọ̀ ọ́n lò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí agbádá bá ń gbọ̀n síwá-sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń jó, ẹ ti fi ìdajì kejì ṣáájú. Ọ̀pọ̀ capture card, ìlà òkè ló ń kọ́kọ́ mú ní PAL; kámẹ́rà DV (tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì díjítà), ti ìsàlẹ̀ ni. Ẹ yí i, ẹ fi ìṣẹ́jú kan dán an wò lórí DVD-RW, tí ẹ lè pa rẹ́ kí ẹ tún lò.

Kásẹ́ẹ̀tì E-180 jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹ má rún gbogbo rẹ̀ sórí àwo 4.7 GB kan ṣoṣo; níbi tí wọ́n bá ti ń náwó fún olórin, àwòrán á di ègé onígun mẹ́rin. Àwo méjì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ fún oníbàárà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

MP4 tí ẹ kàn dà sórí àwo kì í ṣe DVD fídíò. Ọ̀pọ̀ player ayé àtijọ́ ò ní kà á. Ó gbọ́dọ̀ ní fódà VIDEO_TS, ẹ sì gbọ́dọ̀ finalize rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ pa àwo náà dé kí player lè kà á. Ẹ bọ́ọ̀nù ní 4x, ẹ má kánjú.

Ti iná ńkọ́? Bó bá lọ láàárín gbígbà, fáìlì lè má ṣí mọ́. Ìnfátà ni kí ẹ̀rọ fídíò wà lórí rẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dẹwọ́ eré bó bá ń lo bátìrì, fíréèmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́.

Kí ẹ tó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ẹ fi àwo náà sínú player tó wà lára tẹlifíṣọ̀n, torí ohun tí kọ̀ǹpútà gbójú fò, player lè má gbójú fò ó. Kí fáìlì ńlá náà sì wà lọ́wọ́ yín títí oníbàárà á fi wò ó tán nílé rẹ̀.