Bí a ṣe ń lo Python nínú búráúsà láì máa ná dátà lójoojúmọ́

JavaScript nìkan ni búráúsà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2017 tí Firefox àti Chrome ti gba WebAssembly (ohun tó ń jẹ́ kí kóòdù tí wọ́n kọ ní èdè mìíràn ṣiṣẹ́ nínú búráúsà) láàyè ni ọ̀nà ti là fún àwọn èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Pyodide, ìyẹn Python tí wọ́n ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Mozilla ní 2018, ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Python lẹ́gbẹ̀ẹ́ South Gate FUTA, ní Àkúrẹ́ níbí.

Lọ sí ojú ewé Pyodide lórí GitHub (ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí), kí o gba fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pyodide-core wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o má baà máa ná dátà lójoojúmọ́. Má ṣe fọwọ́ kan odindi rẹ̀. Ó ju 200MB lọ, dátà ọ̀sẹ̀ kan lè bá a lọ. Core tó wa, àfi tí o bá fẹ́ lo numpy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python. 7-Zip, áàpù tó ń tú fáìlì tí wọ́n ká pọ̀, ni kí o fi tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá tú u kí fódà pyodide tó jáde.

Ṣí Notepad, kọ èyí, kí o sì tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fódà náà ní idanwo.html. Yan "All files" kí ó má baà di idanwo.html.txt.

```
<script src="pyodide/pyodide.js"></script>
<script>
async function bere() {
  const py = await loadPyodide();
  console.log(py.runPython("sum(range(1, 11))"));
}
bere();
</script>
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ má ṣe tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Tí ẹ bá rí file:/// lókè búráúsà, ẹ ti ṣìnà. Pyodide ní láti lọ kó àwọn fáìlì rẹ̀ wá, búráúsà kì í sì í gbà bẹ́ẹ̀ fún ojú ewé tó wá láti file:///. Ojú ewé á funfun báláú, kò ní sọ nǹkan kan.

Mo ti rí ọmọ tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tó tún un gbà wálẹ̀ nígbà mẹ́ta, tí kóòdù rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan. Ó dùn mí gan-an, torí owó ìyá rẹ̀ ni dátà yẹn.

Inú fódà tí idanwo.html wà ni kí o ti ṣí Command Prompt, kì í ṣe inú pyodide. Tẹ:

```
python -m http.server 8000
```

Àṣẹ yìí ló máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ fúnra rẹ̀ (òun ni localhost) máa fún búráúsà ní àwọn fáìlì náà, dípò file:///. Má pa fèrèsé dúdú yẹn dé. Lọ sí http://localhost:8000/idanwo.html, tẹ F12, wo Console. Dúró díẹ̀, 55 ló máa jáde. Tí kò bá sí Python lórí kọ̀ǹpútà, áàpù Termux lórí fóònù Android náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná.

Tí Console bá ní "py.runPython is not a function", await lo gbàgbé.

Má kọ while True tí kò ní break (àṣẹ tó máa ń yí láì dúró) sínú kóòdù Python náà o. Gbogbo ojú ewé náà ni yóò dì pa, wàá sì ní láti pa á dé.