Aṣọ Dúdú Ló Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Eré Wa Jẹ́

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé aṣọ tí òǹwòran ò tilẹ̀ ní kọbi ara sí ló máa gbé ẹ̀mí mi sókè jù nínú iṣẹ́ eré orí ìtàgé, mà á ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo darí eré kan, eré náà jáde, èrò kún gbọ̀ngàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí. Inú mi dùn sí i, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó tó bá aṣọ ìkélé lọ ju owó aṣọ tí àwọn òṣèré wọ̀, àga, tábìlì àti gbogbo ohun yòókù tí a kó sórí ìtàgé lọ. Ó ṣì ń dùn mí dé eegun, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

N kò ní fi ìbẹ̀rẹ̀ da yín láàmú. A yan eré, a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, a pe èèyàn wá kí wọ́n wá ṣe díẹ̀ ká wò, a pín ipa, a jókòó yí tábìlì ká, a sì ka ìwé eré látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a dìde, tí oníkálukú ń kọ́ ibi tó máa gbà wọlé àti ibi tó máa dúró sí. A fi téèpù fa ìlà sí ilẹ̀ yàrá ìgbáradì kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ bí ìtàgé ṣe fẹ̀ tó. Àwọn òṣèré mi mọ iṣẹ́, mo lè fi wọ́n yangàn níbikíbi. Ọ̀kan nínú wọn ò ṣeré rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó mọ tẹlòmíràn mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tó ń sọ ọ́ sẹ́nu àwọn àgbà níbi tí wọ́n bá ti gbàgbé.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà ni olùbójútó ìtàgé. Ìwé eré tirẹ̀ yàtọ̀: ọ̀rọ̀ òṣèré wà lójú ewé kan, ojú ewé kejì ṣófo, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ìṣísẹ̀, iná, ohùn, ìlẹ̀kùn tó máa gbá. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, agbára olùdarí ti tán. Èmi ti di òǹwòran nìyẹn. Òun ló ń sọ sínú ẹ̀rọ tó wà létí àwọn tó ń tan iná pé, "Iná 12, ẹ múra," á dákẹ́ díẹ̀, "ẹ lọ!" Bí kò bá ní kí wọ́n lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi tí mo fẹ́ràn àṣẹ pípa, ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi láti gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dórí aṣọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ìtàgé, a máa ń so aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ kí àwọn òṣèré tó ń dúró de ìgbà tiwọn má bàa hàn síta. A ó so òmíràn sókè ní ìbú láti fi bo àwọn iná, a ó sì na ńlá kan sẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, ẹ lọ jókòó sórí àga tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí òṣèré tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé láti ibẹ̀, kò tíì tó. Aṣọ náà kò gbọdọ̀ dán, nítorí bí iná bá bà á, ó máa tàn padà sójú èèyàn. Ó gbọdọ̀ ki. A kì í nà án gbọnrangandan, a máa ń ká a jọ kó lè ṣẹ́ po bíi kọ́tìnì, torí náà bí àyè bá jẹ́ mítà 10, aṣọ mítà 15 sí 20 lẹ máa rà. Níbẹ̀ yẹn ni owó ti ń jó lọ, iná gan-an ò tíì dé.

Ẹni tó ta tiwa fún wa fọwọ́ sọ̀yà pé aṣọ ìtàgé gidi ni, pé wọ́n ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kí iná ràn sí i láti ibi tí wọ́n ti ń hun ún. A bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń bọ̀ títí di òní.

A ti gbé aṣọ kọ́ tán, tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tó lẹ́wà, kí òṣìṣẹ́ ààbò gbọ̀ngàn tó dé. Kò wo ohunkóhun mìíràn. Ó fi ọwọ́ ra aṣọ náà, ó ní, "Ìwé rẹ̀ dà?" A ṣàlàyé. Kò jiyàn. Ó ní kí n bá òun jáde síta, ó gé ìrépé tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìṣẹ́tí aṣọ, ó fi ẹ̀mú gbá a mú lórí garawa omi, ó sì ṣá ìṣáná sí i nísàlẹ̀. Aṣọ náà kọ́kọ́ súnkì, ó ká kò bí ẹni pé ó fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ló gbiná. Kò jó di eérú bí òwú ṣe ń jó. Ó ń yọ́ ni, ó ń kán tótó, ìkán kọ̀ọ̀kan sì ń jó lọ sílẹ̀ títí tó fi kan omi tó ké ṣìì. Ó mú ìṣáná kúrò, iná ò kú. Ká ní wọ́n ti fi oògùn sí i lóòótọ́ ni, ojú ibi tí iná kàn ì bá dúdú bí èédú, iná náà ì bá sì kú fúnra rẹ̀ ní kété tí wọ́n bá mú ìṣáná kúrò.

Bàbá náà ju ìrépé yẹn sínú omi, ó ní, "Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún un lórí òfin tó le jù. Ó ní ṣé mo mọ Iroquois? Mo mọ̀ ọ́n, ìdí gan-an nìyẹn tí ẹnu mi fi wọhò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ní Chicago, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé eré Iroquois gbiná nígbà tí eré ọ̀sán ń lọ lọ́wọ́. Iná tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìtàgé ló ta pàrà sára aṣọ. Ìkélé tí kì í jóná, tó yẹ kó wá sílẹ̀ láti pààlà sáàárín ìtàgé àti òǹwòran, há lókè kò sọ̀kalẹ̀ tán. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú. Ilé eré tuntun ni o, wọn ò tíì lò ó ju oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ, wọ́n sì ti polongo pé kò lè jóná. Pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ dà bí ohun tí ontàjà tiwa sọ fún mi gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ gbà. Mo ti gbọ́ nípa èròjà oníyẹ̀fun méjì, borax tí wọ́n ń pò mọ́ boric acid, ìwọ̀n 7 sí 3, nínú omi gbígbóná, tí wọ́n ń fín sára aṣọ kí iná má bàa ràn án. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lára òwú, torí òwú ń mu omi. A wọ ìbọ̀wọ́, a bo imú, a fín títí. Omi náà ń yọ̀ sílẹ̀ lára aṣọ ni, ó ń di ìkán róbótó-róbótó lójú rẹ̀. Aránṣọ wa ló wá fa fọ́nrán kan yọ, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, ó ní, "Èyí kì í ṣe òwú, polyester lásán ni," ìyẹn fọ́nrán tó dà bí ike, tí kì í mu omi bí òwú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé gbogbo wa. Kò sí omi oògùn tí mo lè pò nílé tó máa sọ ọ́ di aṣọ ìtàgé.

Ohun tí ẹni tí kò ṣe eré rí lè má mọ̀ ni pé aṣọ yìí kò dá dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń tan iná kò lè kọjú iná síbi tó yẹ, torí kò mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí. Bí iná ò bá ti dúró, ìgbáradì ti ẹ̀rọ kò lè wáyé, ìyẹn ọjọ́ tí a ń fo ọ̀rọ̀ òṣèré kọjá, tí a kàn ń ti ibi tí iná ti ń yí dé ibi tí ohùn ti ń wọlé. Àwọn òṣèré jókòó, wọ́n wọ aṣọ eré, wọ́n ń wo ojú mi. Olùbójútó ìtàgé pa ìwé rẹ̀ dé. Owó gbọ̀ngàn ń lọ, bí a ṣeré bí a ò ṣeré.

Ilé eré mìíràn ló yọ wá, wọ́n fi aṣọ tiwọn háyà fún wa. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó wúwo bí òkúta, ṣéènì wà nínú ìṣẹ́tí rẹ̀ kó má bàa fẹ́, ìwé rẹ̀ sì bá a dé. Òṣìṣẹ́ ààbò ka ìwé náà, ó tún dán etí rẹ̀ wò, ó ní ó dáa. Owó háyà náà ga, torí pé pàjáwìrì ni. A so ó kọ́ mọ́jú. A ṣe ìgbáradì ti ẹ̀rọ, a ṣe ti aṣọ eré lórí rẹ̀, a sì ṣí ìlẹ̀kùn. Ọmọ àkọ́ṣeré yẹn ló gba àtẹ́wọ́ jù.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí, tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ gbà á: ẹ má san owó aṣọ ìtàgé kankan kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ìrépé kékeré, kí ẹ sì sun ún níta pẹ̀lú omi nítòsí. Kódà èyí tí wọ́n fi oògùn sí, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, oògùn náà lè bá omi lọ, kí ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Kí ẹ sì bèèrè òfin iná lọ́wọ́ gbọ̀ngàn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, torí ìwé tí wọ́n fún wa sọ nípa ilẹ̀ gbígbá, ariwo àti aago tí a gbọ́dọ̀ kúrò, kò mẹ́nu kan aṣọ rárá. Bí owó yín bá kéré, ẹ háyà. Ẹ jẹ́ kí aṣọ jẹ́ wàhálà ẹlòmíràn.

Ní ti owó tí a san fún aṣọ wa, kò padà. Ontàjà ní a ti lu ihò sí i lórí, òun ò lè gbà á mọ́. Ó ní kí n lò ó fún kọ́tìnì ilé.

Kọ́tìnì ilé! Lẹ́yìn tí mo ti fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣe lójú iná.