Wọ́n fẹ́ fi irin tàbí kéèjì sí yín lẹ́yìn? Bẹ́ẹ ṣe máa bèèrè àti bẹ́ẹ ṣe máa múra rèé

Tí dókítà bá ti ní iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn táwọn fẹ́ ṣe yìí, ojú kékeré làwọn máa gbà ṣe é, pé àwọn ò ní la gbogbo ẹ̀yìn, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á ti balẹ̀ nìyẹn, wọ́n á buwọ́ lùwé, wọn ò ní bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kì bọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ojú abẹ kéré ò sọ pé nǹkan tó ń wọlé kéré o. Sìkúrù tí wọ́n máa ń lò nísàlẹ̀ ẹ̀yìn lè fẹ̀ tó mílímítà 6 sí 7, kó gùn tó mílímítà 45, ojú kékeré yẹn náà ló máa gbà wọlé. Àyàfi tí wàhálà bá dé, inú ara yín ló máa wà títí lọ, torí náà ẹ mọ orúkọ ẹ̀, ẹ mọ iṣẹ́ tó wá ṣe, kẹ́ẹ tó gbà.

Ohun tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé dandan ni kí wọ́n fi nǹkan sí i? Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ló ń gba irin. Tó bá jẹ́ pé dísìkì (tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn méjì) ló yọ tó ń tẹ nerve (okùn tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) tó lọ sẹ́sẹ̀, èyí tó yọ síta yẹn ni wọ́n sábà máa ń mú kúrò, wọ́n á rán ojú ẹ̀, ó tán. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí nerve ń gbà ló fún, tí eegun ò sì yẹ̀ lórí ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé kí wọ́n fẹ ọ̀nà yẹn nìkan ti tó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ irin máa ń wọlé ni tí eegun kan bá ti ń yọ̀ kúrò lórí èkejì, tí eegun bá fọ́, tí ẹ̀yìn bá ti wọ́, tàbí tó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n máa gé kúrò láti gba nerve sílẹ̀ máa pọ̀ débi tí ibẹ̀ ò fi ní lè dá dúró mọ́. Ẹ bi í báyìí: "Dókítà, tẹ́ ò bá fi nǹkan kan sí i ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Tí ìdáhùn ẹ̀ bá ń fò síbí fò sọ́hùn-ún, ẹ gbé fíìmù yín, ẹ lọ bá dókítà ẹ̀yìn míì kó wò ó. Kò sí àrífín ńbẹ̀, dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Ká wá sọ̀rọ̀ àwọn nǹkan ọ̀hún fúnra wọn. Sìkúrù àti rọ́ọ̀dù ló wọ́pọ̀ jù. Eegun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní òpó kéékèèké méjì tó so iwájú ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, inú òpó yẹn ni sìkúrù ń gbà wọlé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n bá wá fẹ́ so eegun méjì pọ̀, sìkúrù mẹ́rin àti rọ́ọ̀dù méjì ló sábà máa ń gbà. Nínú iṣẹ́ abẹ olójú kékeré, wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ kan wá inú òpó yẹn rí, X-ray á máa fi hàn wọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀, sìkúrù tó ní ihò láàárín á gba orí wáyà yẹn wọlé, wọ́n á wá ti rọ́ọ̀dù gba abẹ́ iṣan kọjá láti orí sìkúrù kan dé èkejì kí wọ́n tó dè é pa. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé wọn ò fẹ́ bó iṣan ẹ̀yìn kúrò lára eegun bíi ti iṣẹ́ abẹ àtijọ́. Nerve wà nítòsí òpó tí mo ń sọ yẹn gan-an o, sìkúrù tó bá ṣìnà díẹ̀ lè kàn án, torí náà ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ń ríran: ṣé X-ray nìkan ni, ṣé CT (ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara yípo) wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, àbí róbọ́ọ̀tì ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Èyíkéyìí ló dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ní tèmi o, ẹni tó ti ń fi X-ray ṣe é tipẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹni tí róbọ́ọ̀tì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ.

Kéèjì, àpótí kékeré tó ní ihò nínú, ló tún kàn. Tí wọ́n bá ti yọ dísìkì tó bàjẹ́ kúrò láàárín eegun méjì, àlàfo á wà níbẹ̀, kéèjì ni wọ́n ń kì sí i kí eegun méjèèjì má bàa wó lé ara wọn, kí eegun tuntun sì lè gba inú ẹ̀ hù. Ibi tí wọ́n bá gbà fi wọlé ló ń fún iṣẹ́ abẹ ọ̀hún lórúkọ tẹ́ẹ máa rí nínú ìwé yín: TLIF ń gba ẹ̀yìn lápá kan, LLIF ń gba ẹ̀gbẹ́, ALIF ń gba iwájú, láti ikùn. Kéèjì tó bá gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ikùn wọlé sábà máa ń tóbi ju èyí tó gba ẹ̀yìn lọ, torí nerve tó wà lẹ́yìn eegun ò dí i lọ́nà, ìyẹn sì dáa torí ó ń tẹ́ dáadáa lórí eegun. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ lè jẹ́ kí itan kú tipiri tàbí kó rọ fúngbà díẹ̀, èyí tó gba ikùn sì ń kọjá nítòsí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín àti ìdí tí wọ́n fi mú un.

Ẹ tún bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe kéèjì yẹn. PEEK jẹ́ ike líle kan, líle ẹ̀ sún mọ́ ti eegun, X-ray sì ń ríran kọjá lára ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí dókítà lè rí i bóyá eegun ti ń hù nínú ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé eegun kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Títáníọ́mù ní tiẹ̀, eegun gba tiẹ̀ gan-an, dókítà ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ló ṣàkíyèsí ẹ̀ láwọn ọdún 1950, ó fi títáníọ́mù sí eegun ehoro láti fi ṣèwádìí nǹkan míì, ìgbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò ṣeé yọ mọ́, eegun ti dì í mú. Àmọ́ títáníọ́mù le ju eegun lọ fíìfíì, tí eegun èèyàn bá ti rọ̀, kéèjì tó le jù lè máa rì wọnú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ títáníọ́mù jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ 3D báyìí, tó máa ní ihò wínníwínní káàkiri, kó má bàa le jù, kí eegun sì ríbi wọ̀. Àwọn kan tún ń fi títáníọ́mù bo ara PEEK. Mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀kan dáa ju ìkejì lọ fún gbogbo èèyàn, bí eegun yín ṣe lágbára tó ló máa sọ ọ́.

Dísìkì àtọwọ́dá yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, torí òun ò fẹ́ kí eegun méjì lẹ̀ pọ̀ rárá, ó fẹ́ kí ibẹ̀ ṣì máa tẹ̀, kó ṣì máa yí. Èyí tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn Charité ní Berlin, tí wọ́n kọ́kọ́ fi sára èèyàn ní 1984, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe é ni Karin Büttner-Janz, obìnrin yìí kan náà ló gba góòlù méjì nínú jimnásítíìkì ní Olympics ti Munich lọ́dún 1972 (kò kan ọ̀rọ̀ wa o, ó kàn dùn mọ́ mi láti sọ ni). Tí eegun yín bá ti rọ̀, tí eegun kan bá ti yẹ̀ lórí èkejì, tàbí tí àwọn oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn bá ti jẹ, dísìkì yìí kì í sábà ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Símẹ́ńtì eegun (kì í ṣe ti ilé kíkọ́) náà wà, fún eegun ẹ̀yìn tó fọ́ pẹlẹbẹ torí pé ó ti rọ̀ tàbí torí jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1984. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti símẹ́ńtì yìí wọnú eegun, ó ń gan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn míì á kọ́kọ́ fẹ́ bálúùnù nínú eegun yẹn kó lè ga díẹ̀. Ẹ bèèrè bí wọ́n á ṣe ṣe é tí kò fi ní jò, torí ó máa ń jò, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè kan nerve tàbí kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Irin kékeré tí wọ́n ń há sáàárín igun eegun tó yọ sẹ́yìn náà wà, kí ọ̀nà nerve lè ṣí díẹ̀. Ó rọrùn láti fi sí i, àmọ́ àwọn tó padà nílò iṣẹ́ abẹ míì lẹ́yìn ẹ̀ ò kéré, tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ bèèrè dáadáa.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye rèé. Irin kọ́ ló ń wo ẹ̀yìn sàn. Sìkúrù, rọ́ọ̀dù àti kéèjì dà bí igi tí wọ́n fi ti ògiri amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tí amọ̀ bá gbẹ, ògiri á dá dúró, tí amọ̀ ò bá gbẹ, bópẹ́ bóyá igi á dá. Eegun tuntun tó máa hù láàárín eegun méjèèjì ni amọ̀ yẹn. Tí kò bá hù, irin á máa gba gbogbo ẹrù sára, á rẹ̀ ẹ́, sìkúrù á tú tàbí kó kán. Torí náà ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa fi pe eegun jáde: ṣé eegun tiyín ni, tí wọ́n máa gé láti ìbàdí tàbí kó wọn jọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣé eegun ẹni tó ti kú tí wọ́n tọ́jú ni, àbí BMP, èròjà protein tó ń mú kí eegun hù. BMP lágbára, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2002 fún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, àmọ́ ní 2008 FDA, àjọ wọn tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn, kìlọ̀ pé tí wọ́n bá lò ó lọ́rùn, ọrùn lè wú débi tí èèyàn ò ní lè mí tàbí gbé nǹkan mì. Tó bá jẹ́ ọrùn ni tiyín, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn.

Ibi tí iṣẹ́ tiyín wà nìyí, kẹ́ẹ tó dé tábìlì. Sìgá ni àkọ́kọ́, nicotine kì í jẹ́ kí eegun hù dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kẹ́ẹ sì má padà sí i títí eegun á fi lẹ̀, ẹ má gbà pé èyí tó ń yọ èéfín aládùn yẹn yàtọ̀, nicotine náà ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti dàgbà, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, ẹ ní kí wọ́n yẹ bí eegun yín ṣe le tó wò. Tí T-score, ìyẹn nọ́ńbà tí àyẹ̀wò yẹn máa gbé jáde, bá wà ní -2.5 tàbí kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, eegun ti rọ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín lóògùn tàbí kí wọ́n lo sìkúrù oníhò tí wọ́n ń ti símẹ́ńtì gbà kó lè dì mú. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí ehín bá ń ro yín tàbí ìtọ̀ ń ta yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ tán, torí kòkòrò tó bá dé ara irin ṣòro láti pa. Tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń yún yín létí, ẹ dárúkọ ìyẹn náà, nickel tó sábà máa ń fa ìyún yẹn lè wà nínú irin míì.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kẹ́ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ gba káàdì irin yín. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù 2017/745 sọ pé kí wọ́n máa fún aláìsàn ní káàdì yìí fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń fi sára, ṣùgbọ́n ibi yòówù tẹ́ẹ bá wà, ẹ bèèrè: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, orúkọ irin náà, nọ́ńbà ẹ̀, eegun wo ni wọ́n fi sí, ọjọ́ wo. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe MRI (ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara), òun lẹ máa fi hàn wọ́n. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa títáníọ́mù, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí àwòrán ìtòsí ẹ̀ ṣú, ẹni tó ń ya á sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Rírìn ni kẹ́ẹ máa rìn, wọ́n sábà máa gbé yín dìde lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má tẹ̀ ba, ẹ má gbé nǹkan wúwo, ẹ má yí ìbàdí lójijì, títí dókítà á fi sọ pé ó ti tó. Ojú abẹ kékeré máa ń tètè jinná, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á rò pé inú náà ti jinná, bẹ́ẹ̀ eegun lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan, kó tó lẹ̀. Ẹ má dá lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen láìbi wọ́n, àwọn dókítà kan ò fẹ́ ẹ láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ lọ ya gbogbo X-ray tí wọ́n bá dá ọjọ́ ẹ̀ fún yín, kódà tí ẹ̀yìn ò bá dùn yín mọ́.

Tí ara bá ń gbóná, tí ojú egbò ń ṣomi tàbí tó pọ́n, tí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ wú tó sì ń ro yín ní àmù (ẹran ẹ̀yìn ojúgun), ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí èémí bá ń kúrú, tí àyà ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, tí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí ẹ ò mọ ọwọ́ lára, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé tọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ọsibítù pàjáwìrì ni kẹ́ẹ forí lé, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o.